Ohùn Inú Rédíò Nínú Igbó Wyoming: Ṣé Géèmù Onítàn Yóò Bá Yín Lára Mu?

Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo gbé wá, mo sì mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀ yìí, ọkàn àwọn kan ti lọ sórí bọ́ọ̀lù PlayStation, tàwọn mìíràn ti lọ sórí ìbọn àti ogun. Géèmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí méjèèjì. Géèmù onítàn ni, irú èyí tí ènìyàn díẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ kékeré máa ń jókòó ṣe fún ọdún bíi mélòó kan. Kò sí ife-ẹ̀yẹ nínú rẹ̀, kò sí ọ̀tá tí ẹ ó ṣẹ́gun. Ẹ ó máa rìn, ẹ ó máa wò, ẹ ó máa gbọ́. Àwọn kan ta á tán, omi bọ́ lójú wọn. Àwọn kan ta á fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ní irú ìrànù wo làwọn fi owó àwọn rà yìí. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Bí ènìyàn ṣe lè mọ apá ibi tí òun máa bọ́ sí kó tó náwó, ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò lálẹ́ òní.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè ní ilẹ̀ tó dúró lé, ẹ jẹ́ ká mú géèmù kan ṣoṣo, ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Firewatch ni orúkọ rẹ̀. Campo Santo, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Oṣù kejì ọdún 2016 ló jáde. Inú igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Shoshone, ní ìpínlẹ̀ Wyoming, ni ìtàn rẹ̀ ti wáyé, lọ́dún 1989. Ọdún yẹn ní ìdí. Ní 1988, iná ńlá jó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọgbà Yellowstone tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìtàn inú géèmù, ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, nítorí náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ojú gbogbo òṣìṣẹ́ igbó là kedere sí èéfín. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry wá gba iṣẹ́ olùṣọ́ iná. Orí ilé ìṣọ́ gíga kan láàárín igbó ni yóò máa gbé, òun nìkan, títí ìgbà ooru yóò fi parí, tí yóò máa ṣọ́ ibi tí èéfín bá ti rú. Àárín yàrá rẹ̀ ni tábìlì kan wà tí máàpù tẹ́ sí lórí, tí wọ́n fi ń wo ibi tí iná wà gan-an. Osborne Fire Finder ni wọ́n ń pè é, irin-iṣẹ́ tí àwọn olùṣọ́ iná ní Amẹ́ríkà lò ní tòótọ́ ni. Kò sí aládùúgbò, kò sí fóònù. Rédíò ọwọ́ kan ni Henry ní, ìyẹn wókì-tókì. Ẹni tó wà ní òdìkejì rédíò náà ni ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, Delilah, tó wà nínú ilé ìṣọ́ tirẹ̀ lórí òkè mìíràn. Ẹ ó máa rí ilé náà lókèèrè. Ojú Delilah fúnra rẹ̀, ẹ ò ní rí i.

Kí ni ẹni tó ń ta á yóò wá máa ṣe? Yóò máa rìn ni. Delilah á ní àwọn kan ń yin nǹkan olóhùn àrá lẹ́bàá adágún omi, nígbà tí igbó gbẹ báyìí, kí Henry lọ bá wọn wí. Ẹ ó yọ máàpù bébà àti kọ́ńpáàsì jáde, ẹ ó mọ̀nà lọ. Ẹ ó fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta, ẹ ó ṣí àwọn àpótí onírin tí ìjọba gbé sínú igbó, ẹ ó sì bá lẹ́tà tí àwọn òṣìṣẹ́ méjì kan kọ síra wọn nínú rẹ̀, tí ẹ ó máa kà á díẹ̀díẹ̀ láti inú àpótí kan dé òmíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ kò ju èyí lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá nídìí géèmù rárá lè ta á parí.

Inú rédíò yẹn ni géèmù náà wà. Bí ẹ bá rí nǹkan lójú ọ̀nà, ìgò ọtí tí ẹnì kan jù sílẹ̀, igi tó wó, ìjàpá tó ń wọ́ lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ lè gbé rédíò sókè kí ẹ ròyìn rẹ̀ fún Delilah. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta á yọ síwájú yín, ẹ ó mú ọ̀kan, ẹ ó sì tètè mú un, nítorí àkókò ń lọ. Bí ẹ ò bá mú ìkankan, Henry dákẹ́ nìyẹn, Delilah sì gbọ́ pé ó dákẹ́. Ó lè ká a lára. Ó lè fi àwàdà bò ó mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ tí ẹnikẹ́ni ti dá sínú géèmù, mo ka èyí mọ́ àwọn tó dára jù lọ: pé ẹni tó dákẹ́ ti fèsì. Gbogbo wa tí a dàgbà nílé Yorùbá la mọ irú rẹ̀. Ìyá á bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀, ọmọ á dákẹ́, ìyá á ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́ ọ."

Rich Sommer ló sọ̀rọ̀ Henry, Cissy Jones ló sọ ti Delilah. Lọ́dún 2017, àjọ BAFTA ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Cissy Jones lẹ́bùn òṣèré géèmù tó peregedé jù lọ, obìnrin tí a kò rí ojú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi báyìí, tí ẹ mọ ohun tí ohùn nìkan lè ṣe sí ènìyàn nínú yàrá, ìyẹn kò ní yà yín lẹ́nu. Ó sì jẹ́ àmì àkọ́kọ́ tí mo lè fún yín. Bí ẹ bá jẹ́ irú ẹni tó máa ń dúró ti eré orí rédíò títí yóò fi parí, tí oúnjẹ fi ń tutù lórí tábìlì, ẹ ti sún mọ́ géèmù yìí ju ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi gbogbo òru yìnbọn lórí kọ̀ǹpútà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tí irú géèmù yìí ti ṣẹ̀ wá, nítorí àríyànjiyàn tó wà lórí rẹ̀ ti pẹ́. Ní nǹkan bí àárín ọdún 1970 sí 1979, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Will Crowther, tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó sì tún fẹ́ràn láti máa wọ ihò àpáta, kọ géèmù kan fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ihò àpáta Mammoth Cave ní ìpínlẹ̀ Kentucky, tí òun fúnra rẹ̀ ti rìn nínú rẹ̀ tó sì bá wọn ya máàpù rẹ̀, ló fi ṣe ìlú géèmù náà. Ó pè é ní Adventure. Don Woods fi kún un ní 1977, ó sì tàn káàkiri. Láti ìgbà náà títí di ọdún pípẹ́, ẹni tó bá ta irú géèmù bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé àdììtú ni òun fẹ́ tú: kọ́kọ́rọ́ ni ẹ ó wá fún ilẹ̀kùn, iná fún òkùnkùn.

Nígbà tó di 2012, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan gbé Dear Esther jáde fún títà, wọ́n sì yọ àdììtú kúrò pátápátá. Erékùṣù kan létí Scotland lẹ ó rìn já, ohùn ọkùnrin kan á máa ka lẹ́tà sí yín létí. Lọ́dún kejì, Gone Home dé: ọmọbìnrin kan ti ìrìn-àjò dé ilé òbí rẹ̀ ní Oregon lọ́dún 1995, kò bá ẹnì kankan, ó wá ń ti yàrá dé yàrá, ó ń ka bébà tó bá rí kó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹbí rẹ̀. Ariwo ta. Àwọn kan ní èyí kì í ṣe géèmù, pé ìrìn lásán ni. Inú ariwo yẹn ni Firewatch bọ́ sí. Títí di òní, ẹni tó bá rà á láìmọ̀ yóò tún ariwo náà pa.

Níbo la fẹ́ tò ó sí, àwa? Àwa Yorùbá ti ní àyè tí a lè tò ó sí tipẹ́. Oríṣi àlọ́ méjì la mọ̀. Àlọ́ àpamọ̀ wà: apàlọ́ á béèrè, ẹ ó ronú, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló borí, inú rẹ̀ á dùn, a ó bọ́ sórí òmíràn. Àlọ́ àpagbè wà: apàlọ́ á máa sọ ìtàn, á dá orin, àwọn tó jókòó á máa gbè é. Kò sẹ́ni tó borí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn ọmọdé tó ń gbe orin mọ̀ pé Ìjàpá yóò kó sí wàhálà tó ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀, ègbè wọn ò sì ní yọ ọ́. Síbẹ̀, bí wọn ò bá gbè é, àlọ́ náà kú sẹ́nu apàlọ́. Géèmù Crowther, àpamọ̀ ni. Firewatch, àpagbè ni. Èsì tí ẹ bá ń mú nínú rédíò, ègbè ni ẹ ń gbè. Bí ó bá rẹ̀ yín nírọ̀lẹ́, tí ẹ jókòó, èwo nínú méjèèjì ni ọkàn yín ń fẹ́? Àwọn ọmọ kan wà nínú agbo àlọ́ nígbà yẹn tó jẹ́ pé àpamọ̀ nìkan ló ń jí wọn, bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, oorun á gbé wọn lọ. Kò sẹ́ni tó nà wọ́n. Bí ẹ bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn títí di òní, ẹ má rà á. Ọ̀pọ̀ géèmù àdììtú wà tí ẹ ó gbádùn.

Ibi tí ó ń dun àwọn ènìyàn jù lọ nìyí, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e díẹ̀. Kí Henry tó dé inú igbó, géèmù náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kíkà. Ọdún 1975, ní ìlú Boulder, Henry pàdé obìnrin kan tó ń jẹ́ Julia. Ẹ ó yan ohun tí yóò sọ fún un. Ẹ ó yan ajá tí wọ́n máa mú sọ́dọ̀. Wọ́n fẹ́ra, ọdún ń gorí ọdún. Lẹ́yìn náà, àìsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìrántí Julia, kò sì tíì dàgbà tó ẹni tí irú rẹ̀ ń ṣe. Ṣé Henry á tọ́jú rẹ̀ nílé ni, àbí á mú un lọ sí ilé ìtọ́jú? Ẹ ó yàn. Ohunkóhun tó wù kí ẹ yàn, àwọn òbí rẹ̀ yóò gbé e padà sí Australia, Henry yóò sì sá wá sínú igbó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní òpin géèmù: ẹ fèsì kí inú Delilah dùn, ẹ fèsì kí inú rẹ̀ bà jẹ́, ibì kan náà ni ìtàn ń lọ. Ẹni tó ti mọ géèmù tí ìpinnu kékeré ti ń sọ ẹnì kan di ọba tàbí òkú yóò sọ pé wọ́n tan òun jẹ.

Èmi ò gbà pé wọ́n tan ẹnikẹ́ni. Irú ọkùnrin tó dé orí ilé ìṣọ́ yẹn ni ẹ yàn. Henry tó sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ fún Delilah lọ́jọ́ tó bi í, àti Henry tó fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n rìn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbé rìn yàtọ̀. Delilah á rántí ohun tí ẹ sọ fún un, á sì tún un sọ lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀, nígbà tí ẹ̀yin ti gbàgbé. Èmi mọ rírì ìyẹn ju òpin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́wàá lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ̀ ń fẹ́ nínú géèmù ni kí ọwọ́ yín yí àyànmọ́ padà, ìyẹn pẹ̀lú dára, a ò lè bá yín jà sí i. Kì í kàn ṣe inú Firewatch ni ẹ ó ti rí i.

Nípa òpin náà fúnra rẹ̀, n kò ní tú u fún yín. Ohun tí mo lè sọ ni pé bí ìtàn ti ń lọ, ìfura á wọlé: ó dà bíi pé ẹnì kan ń ṣọ́ Henry, pé ẹnì kan ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ tí òun àti Delilah ń sọ. Ẹ̀rù á bà yín lójúmọmọ, nínú oòrùn tó ń ràn. Nígbà tí òtítọ́ bá jáde, yóò kéré sí ohun tí ìbẹ̀rù ti kọ́ sọ́kàn yín, yóò sì banú jẹ́ jù ú lọ. Mo gbà pé apá ìparí rẹ̀ yára jù, wọn ì bá dúró sí i díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òtítọ́ náà ṣe kéré tó ló bá àwọn ènìyàn inú ìtàn náà mu. Ẹni tó bá jẹ́ pé òpin ló fi ń díwọ̀n gbogbo ìtàn, tó fẹ́ kí aṣebi jẹ́ àgbà òṣìkà, kí ọlọ́pàá dé, kí àṣírí ìjọba tú, inú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní dùn, mo sì fẹ́ kó mọ̀ ṣáájú.

Ibi náà ńkọ́, igbó náà? Àwọ̀ ibẹ̀ lè mú ènìyàn dúró. Olly Moss, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ mọ̀ nídìí àwòrán ìpolówó sinimá, ló ṣe àgbékalẹ̀ bí yóò ṣe rí, ó sì wo àwọn àwòrán ìpolówó ọgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde láti 1938 títí di 1941: òkè tó wà níwájú dúdú, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ díẹ̀, èyí tó jìnnà jù fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá nínú ìkùukùu. Jane Ng ló darí iṣẹ́ àtisọ ọ́ di igbó tí ènìyàn lè rìn nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ó pọ́n bí òféèfèé, nírọ̀lẹ́ ó di àwọ̀ àlùkò. Orin tí Chris Remo ṣe kì í pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, atẹ́gùn àti ẹsẹ̀ yín nìkan ni ẹ ó gbọ́. Ṣé ẹ lè rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí inú má bí yín? Ẹ dá ara yín lóhùn ní òtítọ́. Ó ní àkókò nínú ayé ènìyàn tí ìdáhùn yẹn máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tí ara ò lélẹ̀, tí gbèsè ń lé ènìyàn, tí ọkàn ò lè jókòó sójú kan. Ẹ fi géèmù náà sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Kì í bàjẹ́.

Mo sọ̀rọ̀ Julia lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ padà sí i, nítorí òun ni mo rò pé àwọn tó ń dámọ̀ràn géèmù yìí fún ọ̀rẹ́ wọn máa ń fò dá. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi ló ní ìyá tàbí bàbá nílé tí kò mọ orúkọ ọmọ mọ́, tó ń béèrè ọkọ tó ti kú. Ọjọ́ ogbó ló dé, la máa ń sọ, a ó sì máa fọ̀ ọ́, a ó máa fún un lóúnjẹ, a kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni bó ṣe ń rẹ̀ wá tó. Henry sá fún iṣẹ́ yẹn. Géèmù náà kò bú u, kò sì dá a láre. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa bá a rìn láàárín igbó. Ẹni tó ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè rí ẹni tó mọ ohun tó ń là kọjá níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ojú egbò tí kò tíì jiná ni yóò fara gbún. Èmi ò lè mọ èyí tí yóò jẹ́ fún yín. Ohun tó dára ni pé ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni apá tó wúwo jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wà, ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́. Bí ìyẹn bá pọ̀ jù fún yín, ẹ pa á, ẹ dìde, ẹ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe géèmù ọmọdé o. Àwòrán rẹ̀ dára lójú bí ìwé àwòrán ọmọdé, ìyẹn ló ń tan àwọn ènìyàn. Èébú pọ̀ nínú rẹ̀, ọtí pọ̀, ọ̀rọ̀ ikú sì wà. Àwọn tó ń fi ọjọ́ orí sí géèmù ní Amẹ́ríkà fi í sí ọdún 17 sókè. Mo tún fẹ́ fi èyí kún un fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láìpẹ́: ẹ sún What Remains of Edith Finch, géèmù onítàn mìíràn, síwájú ná. Géèmù tó dára gan-an ni, ó gba ẹ̀bùn géèmù tó dára jù lọ lọ́wọ́ BAFTA ní 2018, ṣùgbọ́n ikú àwọn ará ilé kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọdé àti ìkókó, ni gbogbo ìtàn rẹ̀.

Èdè náà ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni Henry àti Delilah ń sọ, wọ́n ń sọ ọ́ kíákíá, wọ́n ń já lu ara wọn, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ lọ sí ibi ètò, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn máa hàn nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ lè máa kà á bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ẹ má ro pé ìtìjú ni, àwọn Amẹ́ríkà fúnra wọn ń ṣe é. Kentucky Route Zero, géèmù onítàn mìíràn, ní tirẹ̀ jẹ́ ìwé kíkà láti òkè délẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ló ṣe é, ìpín márùn-ún ló ní, ìpín àkọ́kọ́ jáde ní 2013, ìkẹyìn jáde ní 2020. Awakọ̀ ilé ìtajà nǹkan àtijọ́ kan ń wá àdírẹ́sì tó máa já ẹrù sí, ọ̀nà tó máa gbà sì wà lábẹ́ ilẹ̀, nínú ihò àpáta Kentucky kan náà tí Crowther ti rìn nígbà náà. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ tọ́ka sí géèmù rẹ̀ àtijọ́. Ẹni tó fẹ́ràn eré orí ìtàgé, tí ìwé kíkà kò sú, yóò rí oúnjẹ ọkàn níbẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ rárá, kó wo Inside, tí Playdead ṣe ní Copenhagen. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀, ọmọdékùnrin kan ń sáré nínú òkùnkùn ni. Ṣùgbọ́n àdììtú wà níbẹ̀, ẹ̀rù sì wà.

Owó àti àkókò. Nǹkan bíi wákàtí 4 ni Firewatch. Ogún dọ́là ni wọ́n ń tà á nígbà tó jáde. Mo ti gbọ́ ẹni tó fi wákàtí pín owó, tó ní bọ́ọ̀lù tí òun rà, òun ti gbá a fún ọdún kan gbáko. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ẹni tó bá làágùn fún owó ló mọ bí yóò ṣe ná an. Ojú tí mo fi ń wò ó ni ti ẹni tó níṣẹ́, tó sì lọ́mọ: ìrọ̀lẹ́ méjì péré, ìtàn náà ti parí, kò ní máa pè yín láàárín òru pé ẹ padà wá gba ẹ̀bùn ojúmọ́. Wọ́n sì máa ń dín owó rẹ̀ kù gan-an ní àsìkò ẹ̀dínwó lórí Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ dúró dè é.

Ẹ̀rọ tí yóò gbé e kò nílò agbára ńlá: kọ̀ǹpútà tó ní 6 GB RAM, àyè nǹkan bíi 4 GB láti gbà á sílẹ̀ sí. Ó wà lórí PlayStation 4, Xbox One àti Nintendo Switch pẹ̀lú. Kò sí lórí fóònù. Ẹ wá íápíìsì tó dára, pàápàá bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lójúde, nítorí ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn Delilah yékéyéké kò tíì ta géèmù náà. Ẹni tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló ní, kó wá Oxenfree, tí Night School Studio gbé jáde lóṣù kìíní ọdún 2016 kan náà, tó sì ti wà lórí fóònù. Àwọn ọ̀dọ́ kan sùn sí erékùṣù, ọ̀kan nínú wọn ń yí rédíò kékeré láti ìkànnì dé ìkànnì, ohun tí kò yẹ kó dáhùn sì dáhùn. Ọ̀rọ̀ ni ẹ ó máa yàn níbẹ̀ pẹ̀lú, bí ẹ bá dákẹ́, àwọn yòókù á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ wá ẹni tó ti gba géèmù náà sílẹ̀ sórí YouTube, ẹ wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ẹ sì pa á. Ẹ má ṣe wò ó tán. Ẹlòmíràn ni yóò máa fèsì dípò yín, ohun tí ẹ fẹ́ dán wò kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá rà á lórí Steam, wọ́n á dá owó yín padà bí kò bá tíì pé ọjọ́ 14 tí ẹ rà á, tí ẹ kò sì tíì ta á tó wákàtí 2. Fún géèmù oníwákàtí mẹ́rin, ìlàjì nìyẹn. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wákàtí méjì náà pé kí ẹ tó mọ èrò ọkàn yín. Ẹ ta ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ta ọjọ́ àkọ́kọ́ Henry nínú igbó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ẹ sì dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí rédíò bá dún ni ara yín ń yá, tí ẹ sì ń wá ohun tí ẹ lè ròyìn fún Delilah lójú ọ̀nà, ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ń fo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá kí ẹ lè tètè débi tó ní kí ẹ lọ, ẹ gba owó yín padà lálẹ́ ọjọ́ náà.